Sẹ́ẹ̀lì Jẹjẹrẹ Inú Ẹ̀jẹ̀: Kí Ẹni Tó Ní Kókó Má Dúró De Àyẹ̀wò Rẹ̀

Aago mẹ́rin ìdájí ni wọ́n fa ẹ̀jẹ̀ lára obìnrin 30 tó ní jẹjẹrẹ ọmú ní orílẹ̀-èdè Switzerland. Nígbà tó di aago mẹ́wàá òwúrọ̀, wọ́n tún fà á. Èsì rẹ̀, tí Nicola Aceto àti àwọn akẹgbẹ́ rẹ̀ gbé jáde nínú ìwé ìròyìn Nature lọ́dún 2022, yani lẹ́nu: nínú gbogbo sẹ́ẹ̀lì jẹjẹrẹ tí wọ́n rí, ó lé ní ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin tó jẹ́ pé inú ẹ̀jẹ̀ ìdájí ni wọ́n ti rí i. Bí aláìsàn ṣe ń sùn ni àrùn ń rìn.

Ọ̀rọ̀ ńlá ni, torí kókó tó jókòó sójú kan kọ́ ló sábà máa ń pa ènìyàn. Èyí tó já kúrò lára rẹ̀, tó bá ẹ̀jẹ̀ lọ, tó lọ fìdí kalẹ̀ sínú egungun, ẹ̀dọ̀ tàbí ọpọlọ, òun gan-an ni apani. Láti ọdún 1869 ni Thomas Ashworth, dókítà kan ní Ọsirélíà, ti rí irú sẹ́ẹ̀lì bẹ́ẹ̀ nínú ẹ̀jẹ̀ aláìsàn kan tó ti kú. Ó lé ní ọgọ́rùn-ún ọdún lẹ́yìn náà kí ẹ̀rọ tó ń kà wọ́n tó wọ ilé ìwòsàn.

Kò yani lẹ́nu pé ó pẹ́. Mìlílítà ẹ̀jẹ̀ kan ṣoṣo ní nǹkan bíi bílíọ̀nù 5 sẹ́ẹ̀lì pupa, ti jẹjẹrẹ inú rẹ̀ sì lè má ju ẹyọ kan tàbí méjì lọ. Eré ni iṣẹ́ ẹni tó ń ṣa òkúta nínú ìrẹsì lẹ́gbẹ̀ẹ́ èyí. Bí ẹ̀rọ CellSearch, tí FDA, àjọ tó ń bójú tó oògùn nílẹ̀ Amẹ́ríkà, fọwọ́ sí lọ́dún 2004, ṣe ń ṣe é nìyí: wọ́n á gba ẹ̀jẹ̀ mìlílítà 7.5, wọ́n á po ẹ̀rún irin tín-ín-tìn-ín mọ́ ọn. Èròjà tí wọ́n fi bo irin náà máa ń lẹ̀ mọ́ sẹ́ẹ̀lì jẹjẹrẹ, kì í sì í lẹ̀ mọ́ ti ẹ̀jẹ̀. Òòfà á fà wọ́n sápá kan, wọ́n á fi àwọ̀ tó ń tàn kùn wọ́n, ẹni tó mọṣẹ́ á wá fojú ara rẹ̀ yẹ̀ wọ́n wò lọ́kọ̀ọ̀kan.

Wọ́n dán an wò lára obìnrin 177 tí jẹjẹrẹ ọmú wọn ti tàn kálẹ̀. Àwọn tí sẹ́ẹ̀lì náà pé 5 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ nínú ẹ̀jẹ̀ wọn kò pẹ́ láyé tó àwọn yòókù. Ìmọ̀ gidi nìyẹn. Àmọ́ nígbà tí àwọn olùwádìí mìíràn tètè pààrọ̀ oògùn fún àwọn tí iye sẹ́ẹ̀lì náà kò wálẹ̀, èsì ọdún 2014 fi hàn pé ẹ̀mí wọn kò tìtorí bẹ́ẹ̀ gùn sí i. Oògùn tó sàn jù ni wọ́n nílò.

Kókó tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń yọ kì í sì í sábà tú sẹ́ẹ̀lì púpọ̀ sínú ẹ̀jẹ̀. Wọ́n lè má rí ẹyọ kan nínú ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n fà, kí àrùn sì wà lára. Nítorí náà, ẹni tó bá ń polówó àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ kan ṣoṣo tó ń tú gbogbo jẹjẹrẹ fó, ohun tí sáyẹ́ǹsì kò tíì sọ ló ń sọ.

Ní Nàìjíríà, IARC, àjọ àgbáyé tó ń ṣèwádìí jẹjẹrẹ, fojú bù ú pé jẹjẹrẹ pa ènìyàn tó lé ní 79,000 lọ́dún 2022. Ọ̀pọ̀ obìnrin ni kì í dé ọ̀dọ̀ dókítà àfìgbà tí kókó bá di egbò. Abẹ́rẹ́ tí wọ́n fi ń mú díẹ̀ lára kókó, dókítà tó lè yẹ̀ ẹ́ wò lábẹ́ maikirosíkóòpù, àti èsì tí kò pẹ́ kó tó jáde: ibẹ̀ ló yẹ kí ìjọba ìpínlẹ̀ kọ́kọ́ náwó sí. Ìyá, ẹ̀gbọ́n tàbí àbúrò tó bá fọwọ́ ba kókó lọ́mú, kó má dúró de ẹ̀rọ kankan. Kó lọ sílé ìwòsàn lọ́sẹ̀ yìí, kó sì ní kí wọ́n yẹ kókó náà gan-an wò.