Alárinà Tí Kò Fẹ́ Yẹ̀ba

Àkọlé kan wà tí kì í pẹ́ padà sójú pátákó ní kíláàsì Yorùbá nígbàkígbà tí ó bá kan àròkọ alárìíyànjiyàn: ǹjẹ́ kọ̀ǹpútà ń ba ìfẹ́ àti ìgbéyàwó jẹ́ láàárín àwọn ọ̀dọ́? Akẹ́kọ̀ọ́ tí ó bá fẹ́ gba máàkì ti mọ ọ̀nà tí yóò gbà. Yóò yin ayé àtijọ́, yóò bú íntánẹ́ẹ̀tì, yóò mẹ́nu ba àwọn ọmọ Yahoo, yóò sì fi ẹsẹ Bíbélì kan kádìí ọ̀rọ̀. Olùkọ́ yóò fa ìlà pupa sídìí àmì ohùn tí kò tọ̀nà, yóò sì fún un ní máàkì. Ẹnikẹ́ni kò ní béèrè bóyá òótọ́ ni ohun tí ó kọ.

Òótọ́ kọ́. Irọ́ ti wọ inú ọ̀rọ̀ ìfẹ́ tipẹ́tipẹ́ kí ẹnikẹ́ni tó ronú kan kọ̀ǹpútà, Bíbélì tí wọ́n sì ń fi na kọ̀ǹpútà bí ẹni na olè kò ṣe ẹlẹ́rìí fún wọn. Ẹ̀sùn tí ó yẹ kí wọ́n fi kan ẹ̀rọ náà yàtọ̀ sí èyí tí wọ́n ń fi kàn án, àwọn tí ohùn wọn sì ròkè jù nídìí ẹ̀sùn náà, àwọn oníwàásù àti àwọn òbí, ń dá ẹ̀ṣẹ̀ kan náà pẹ̀lú Bíbélì ọwọ́ wọn.

Ẹ jẹ́ kí ọ̀rọ̀ bẹ̀rẹ̀ láti ilé. Gbogbo akẹ́kọ̀ọ́ ló ti kọ́ ètò ìgbéyàwó ìbílẹ̀: ìfojúsóde, ìwádìí, alárinà, ìjọ́hẹn, ìtọrọ, ìdána, kí ìyàwó tó gbéra lọ sílé ọkọ. Nínú ètò yìí, ó máa ń pẹ́ kí ọkùnrin àti obìnrin tí ọ̀rọ̀ kàn tó rí ara wọn bá sọ̀rọ̀. Alárinà ni ẹnu wọn, òun náà ni etí wọn. Òun ni ó ń gbé ọ̀rọ̀ láti ibì kan dé ibì kejì, kì í sì í gbé e lọ láìbu iyọ̀ sí i. Alárinà wo ni yóò sọ fún ọmọge pé ọkọ ọ̀la rẹ̀ máa ń hanrun, tàbí pé ó jẹ gbèsè? Ẹni tí ó bá ń sọ pé kọ̀ǹpútà ni ó kọ́kọ́ fi nǹkan sáàárín olùfẹ́ méjì kò ka ìwé tí òun fúnra rẹ̀ fi ń kọ́ ọmọ. Òwe tí àwọn àgbà pa kò sì bú alárinà: bí a bá mojú ọkọ tán, alárinà á yẹ̀ba. Àsìkò tí ó yẹ kí ó kúrò ni òwe náà ń sọ. Kò ní kí ó má wá.

Bíbélì náà mọ alárinà. Ìtàn ìgbéyàwó Ísáákì àti Rèbékà, Jẹ́nẹ́sísì orí 24, ni orí tí ó gùn jù nínú ìwé náà, ẹsẹ 67 gbáko, ọkọ ìyàwó kò sì yọjú títí ó fi kù díẹ̀ kí ó parí. Ìránṣẹ́ kan tí orí náà kò dárúkọ ni ó kó ràkúnmí 10 lọ sí ìlú àwọn ẹbí Ábúráhámù. Rèbékà kò rí ojú Ísáákì, kò gbọ́ ohùn rẹ̀. Ohun ọ̀ṣọ́ wúrà ni ó rí, àti ìròyìn pé ilé tí òun ń lọ lọ́rọ̀. Bí ọmọbìnrin kan bá ṣe irú èyí lónìí lórí Facebook, gbogbo ìjọ ni yóò gba ààwẹ̀ nítorí rẹ̀. Ṣùgbọ́n kí ènìyàn wo ohun tí ó jẹ́ kí ọ̀rọ̀ náà yanjú. Ìránṣẹ́ náà dé inú ilé àwọn ẹbí ọmọbìnrin, ó kọ̀ láti jẹun títí ó fi jíṣẹ́ tí wọ́n rán an. Wọ́n pe Rèbékà fúnra rẹ̀, wọ́n bi í bóyá yóò bá ọkùnrin náà lọ, òun ni ó sì dáhùn. Nígbà tí ó rí Ísáákì nínú pápá, ó sọ̀ kalẹ̀ lórí ràkúnmí. Ìránṣẹ́ ròyìn ohun gbogbo fún ọ̀gá rẹ̀, láti ibẹ̀ ni kò sì sí ẹni tí ó tún gbúròó rẹ̀ nínú ọ̀rọ̀ ilé wọn. Ó yẹ̀ba.

Ní ti irọ́, àwọn olùkọ́ lítíréṣọ̀ ni ó yẹ kí ó kọ́kọ́ rántí pé íntánẹ́ẹ̀tì kọ́ ni ó kọ́ Yorùbá láti fi orúkọ ẹlòmíràn kọ̀wé. Láàárín 1929 sí 1930, ìwé ìròyìn Akéde Èkó ń tẹ lẹ́tà obìnrin kan jáde, obìnrin tí àìsàn ti dá dùbúlẹ̀, tí ó ń ròyìn bí òun ti fi ẹwà àti ọkùnrin lo ayé òun. Sẹ̀gilọlá Ẹlẹ́yinjú Ẹgẹ́ ni ó pe ara rẹ̀. Ó ń sunkún, ó ń kìlọ̀ fún àwọn ọmọge, ó sì ń fi ọ̀rọ̀ Bíbélì àti orin ìjọ gbe ìtàn rẹ̀ lẹ́sẹ̀. Isaac B. Thomas, olóòtú ìwé ìròyìn náà, ni ó wà nídìí gbogbo rẹ̀. Lẹ́tà wọ̀nyí di ìwé ní 1930, ọ̀pọ̀ onímọ̀ sì kà á sí ìtàn àròsọ gígùn àkọ́kọ́ ní èdè Yorùbá. Ọkùnrin tí ó fi orúkọ obìnrin sọ̀rọ̀ ìfẹ́ fún gbogbo Èkó gbọ́, tí ó ń fi Ìwé Mímọ́ ṣe ẹ̀rí: bí ó bá jẹ́ lónìí ni, orúkọ tí wọn yóò pè é kò ní dùn ún gbọ́.

Ẹnìkan yóò ní ti Thomas jẹ́ ọgbọ́n ìtàn, ti àwọn ọmọ Yahoo jẹ́ olè. Bẹ́ẹ̀ ni. Opó tí wọ́n fi fọ́tò ọkùnrin ẹlòmíràn gba owó ìfẹ̀yìntì rẹ̀ kò rí ìtàn kankan gbádùn nínú rẹ̀, Nàìjíríà sì ti ní òfin lórí ìwà ọ̀daràn orí kọ̀ǹpútà láti 2015. Ṣùgbọ́n irú olè yìí náà dàgbà ju ẹ̀rọ lọ. Nínú Ìwé Àwọn Ọba Kìíní orí 21, Jésébẹ́lì kọ lẹ́tà ní orúkọ Áhábù, ó fi èdìdì ọba tẹ̀ ẹ́, ó sì fi ránṣẹ́ sí àwọn àgbààgbà ìlú Nábótì. Nítorí ọgbà àjàrà kan, wọ́n sọ ọkùnrin náà lókùúta pa. Àwọn oníwàásù fẹ́ràn láti dúró lórí Jésébẹ́lì níbẹ̀, pàápàá lórí ọ̀ṣọ́ ojú rẹ̀, èyí tí kò sí nínú orí náà rárá. Ẹsẹ 14 ni ó yẹ kí wọ́n wò. Nígbà tí àwọn àgbààgbà ṣe iṣẹ́ tán, Jésébẹ́lì ni wọ́n ránṣẹ́ sí pé Nábótì ti kú. Wọn kò ránṣẹ́ sí Áhábù tí orúkọ rẹ̀ wà lórí lẹ́tà. Wọ́n mọ ẹni tí ó kọ ọ́. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn tí ó ń gbé irọ́ kiri láti fóònù dé fóònù lónìí mọ̀ bẹ́ẹ̀, ẹjọ́ WhatsApp kọ́.

Ó ku ọ̀rọ̀ Bíbélì gan-an, ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ sì ti di ẹ̀tàn. Jeremáyà orí 36 ròyìn bí wọ́n ti ń ka ìwé kíká níwájú ọba Jèhóíákímù: bí Jéhúdì bá ti ka ojú ìwé mẹ́ta tàbí mẹ́rin, ọba á fi ọ̀bẹ akọ̀wé gé e, á sọ ọ́ sínú iná. Ọ̀bẹ yẹn kò tíì sinmi. Àwọn tí ó kọ Bíbélì kò pín in sí orí àti ẹsẹ bí ó ti wà lónìí. Stephen Langton, bíṣọ́ọ̀bù àgbà Canterbury tí ó kú ní 1228, ni wọ́n ka iṣẹ́ pípín in sí orí sí lọ́rùn. Robert Estienne, atẹ̀wé ará Faransé, ni ó fi nọ́ńbà sí ẹsẹ Májẹ̀mú Tuntun ní 1551. Nígbà tí odindi Bíbélì Yorùbá jáde ní 1884, lẹ́yìn iṣẹ́ ọdún gbọọrọ tí Àjàyí Crowther àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ṣe, nọ́ńbà náà bá a wọlé. Nọ́ńbà dára fún wíwá ọ̀rọ̀. Òun náà ni ó sì sọ gbólóhùn kọ̀ọ̀kan di ègé tí ó ṣeé jù kiri.

Ègé tí wọ́n ń jù sínú ọ̀rọ̀ ìfẹ́ ni ó burú jù. Kí ènìyàn mú ti Mispa, Jẹ́nẹ́sísì 31 ẹsẹ 49, tí àwọn olùfẹ́ tí ó jìnnà síra ń fi ránṣẹ́ síra wọn pé kí Ọlọ́run máa ṣọ́ wọn. Nígbà ayé ọbabìnrin Victoria, àwọn alágbẹ̀dẹ wúrà ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì a máa fín ọ̀rọ̀ náà sára ohun ọ̀ṣọ́ àwọn olólùfẹ́. Ta ni ó sọ ọ́? Lábánì ni, ó sọ ọ́ fún Jákọ́bù, àna rẹ̀ tí ó ti rẹ́ jẹ fún ọdún 20, tí ó sì lé fún ọjọ́ méje gbáko. Òkìtì òkúta ni àwọn méjèèjì kó jọ, wọ́n fi ṣe ààlà, kí ẹnikẹ́ni nínú wọn má kọjá rẹ̀ lọ ṣe ìkejì ní ibi. Ohun tí Lábánì ń wí ni pé òun kò gbẹ́kẹ̀ lé Jákọ́bù, kí Ọlọ́run bá òun mójú tó o. Tọkọtaya tí ó kọ ẹsẹ yìí sójú fóònù wọn, tí ẹnì kìíní sì ń jí fóònù ẹnì kejì yẹ̀ wò lóru, ti lóye rẹ̀ ju bí wọ́n ti rò lọ.

Ìlérí Rúùtù tí wọ́n ń tẹ̀ sínú káàdì ìgbéyàwó ńkọ́? Náómì, ìyá ọkọ rẹ̀, ni ó ṣe é fún, lẹ́yìn tí ọkọ ti kú. Bí àwọn ìyàwó tí ó ń kà á níwájú pẹpẹ bá mọ ẹni tí wọ́n ń bá mulẹ̀, bóyá wọn ì bá wá ẹsẹ mìíràn. Kọ́ríńtì Kìíní orí 13 náà kò ní ìyàwó nínú. Ìjọ tí ó ń bá ara rẹ̀ jà lórí ẹ̀bùn ẹ̀mí ni Pọ́ọ̀lù fi bá wí.

Éfésù orí 5 ni ó ṣe ìpalára jù nínú ilé. Ẹsẹ 22 ni wọ́n ń jù kiri, èyí tí ó bá aya wí pé kí ó tẹrí ba. Ẹsẹ 21, tí ó ní kí gbogbo wọn tẹrí ba fún ara wọn, kì í bá a rìn. Bẹ́ẹ̀ sì rèé, nínú àwọn ìwé àfọwọ́kọ Gíríìkì tí ó pẹ́ jù, ẹsẹ 22 kò ní ọ̀rọ̀-ìṣe tirẹ̀. Ti ẹsẹ 21 ni ó yá lò. Olùkọ́ Yorùbá tí ó ń kọ́ ọmọ pé ọ̀rọ̀-ìṣe ni òpómúléró gbólóhùn kò gbọdọ̀ gbà kí ẹnikẹ́ni yọ òpó ilé kan kí ó sì máa pe ìyókù ní ilé. Ẹsẹ mẹ́ta ni ó wà fún aya níbẹ̀. Láti ẹsẹ 25, ọkọ ni ọ̀rọ̀ dojú kọ fẹ́rẹ̀ẹ́ títí dé ìparí orí, ohun tí wọ́n sì bi í ni bóyá ó lè kú. "Olùrànlọ́wọ́" inú Jẹ́nẹ́sísì 2, tí wọ́n ti sọ di ọmọ ọ̀dọ̀, kò sàn jù bẹ́ẹ̀: ọ̀rọ̀ Hébérù kan náà ni Sáàmù 121 lò fún ìrànlọ́wọ́ tí ó ti ọ̀dọ̀ Ọlọ́run wá.

Ìránṣẹ́ tí ó ń dẹ́rù ba ènìyàn pé kí ó fi òun ránṣẹ́ sí ẹni mẹ́wàá, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ ó ti sẹ́ Olúwa, Mátíù 10 ẹsẹ 33 ni ó sábà ń gùn lẹ́ṣin. Orí náà bá àwọn ọmọ-ẹ̀yìn sọ̀rọ̀, àwọn tí wọn yóò fà síwájú ìgbìmọ̀, tí wọn yóò nà ní pàṣán. Títẹ fóònù lẹ́ẹ̀kan kò sọ ẹnikẹ́ni di ajẹ́rìíkú. Ìhàlẹ̀ bẹ́ẹ̀ jọ ààlè tí àgbẹ̀ so mọ́ igi ìdáná lẹ́bàá ọ̀nà ju Ìhìnrere lọ, ààlè sì sàn jù ú lọ, nítorí igi tí ó ń ṣọ́ wà níbẹ̀ lóòótọ́.

Ẹ̀sùn tí ó tọ́ sí kọ̀ǹpútà wá nìyí: alárinà ni, kò sì fẹ́ yẹ̀ba. Ilé-iṣẹ́ tí ó ni Facebook ń jẹun lórí ìpolówó ọjà. Bí ojú ènìyàn bá ti ń pẹ́ níbẹ̀ tó ni èrè rẹ̀ ń pọ̀ tó. Alárinà ayé àtijọ́ gba ẹ̀bùn rẹ̀, ó jó lọ́jọ́ ìyàwó, ó lọ sílé. Ti òde òní ń gba tirẹ̀ lójoojúmọ́, nítorí náà kò sí ọjọ́ kan tí ó wù ú kí olùfẹ́ méjì pa fóònù tì kí wọ́n jókòó ti ara wọn. Ìdí rèé tí àwọn kan fi ń wà nínú yàrá kan náà tí wọ́n ń fi fóònù bínú síra wọn. Èyí kò kan bóyá orí íntánẹ́ẹ̀tì ni wọ́n ti pàdé. Àwọn tí ó pàdé lábẹ́ igi mángòrò ilé-ìwé náà wà nínú rẹ̀.

Ohun tí ó ṣe olùfẹ́ ni ó ṣe òǹkàwé. Ẹ̀rọ tí ó ń gbé ẹsẹ kan wá láàárọ̀ dúró sáàárín ènìyàn àti orí tí ẹsẹ náà ti jáde, bí alárinà tí ó ń sọ pé kò yẹ kí ẹ rí ara yín. Jeremáyà 29 ẹsẹ 11 ń dé pẹ̀lú ìlérí ire. Ẹsẹ 10, tí ó sọ fún àwọn ìgbèkùn pé ọdún 70 ni yóò pé kí wọ́n tó kúrò ní Bábílónì, kì í bá a dé. Odindi orí náà sì wà nínú fóònù kan náà. Pásítọ̀ tí ó dúró lórí pẹpẹ tí ó ń fi ẹsẹ kan ṣoṣo gégùn-ún fún íntánẹ́ẹ̀tì ń ṣe iṣẹ́ ẹ̀rọ náà, láìgba owó ìpolówó.

Ẹni tí ó kọ Ìwé Jòhánù Kejì àti Ìkẹta kò bú ìwé àti tádáwà. Ó lò wọ́n. Ṣùgbọ́n ní ìparí ìwé méjèèjì, ó fi yé àwọn tí ó kọ ọ́ sí pé ọ̀rọ̀ ṣì pọ̀ lẹ́nu òun, òun kò fẹ́ kọ ọ́ sínú ìwé, nítorí òun ń retí àtiwá kí àwọn lè sọ ọ́ lójúkojú. Abájọ tí ìwé méjèèjì fi wà lára èyí tí ó kúrú jù nínú Bíbélì. Ìwé Kejì kò ju ẹsẹ 13 lọ, ènìyàn lè kà á tán kí omi tó hó lórí iná.