Ẹ Tú Aṣọ Lọ́wọ́ Òsì Ọmọ Yín

 Ìwé tí àwọn ìyá ń kọ sí mi lórí ọ̀ràn ọmọ tó ń lo ọwọ́ òsì ti pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ gẹ́ẹ́ tí n kò fi lè dá wọn lóhùn lọ́kọ̀ọ̀kan mọ́. Èyí tó dé kẹ́yìn ló dùn mí jù. Ìyá náà ní ọmọkùnrin òun, ọmọ ọdún mẹ́rin, kò gbà láti fi ọ̀tún mú ṣíbí. Wọ́n nà án títí, wọ́n fi ata ra á lọ́wọ́, nígbà tó yá ìyá àgbà fi aṣọ di ọwọ́ òsì náà mọ́ ọn lára. Ó wá ń bi mí pé oògùn wo ni òun lè lò.

Kò sí oògùn rẹ̀, nítorí kì í ṣe àrùn. Kí wọ́n tú aṣọ náà lónìí.

Bí a bá kó ọgọ́rùn-ún ènìyàn jọ, bíi mẹ́wàá nínú wọn ni yóò jẹ́ ọlọ́wọ́ òsì. Inú ọpọlọ ni ọ̀ràn náà ti ń bẹ̀rẹ̀. Apá òsì ọpọlọ ló ń darí ọwọ́ ọ̀tún, apá ọ̀tún ló sì ń darí ọwọ́ òsì. Bí a ti dá ẹnìkọ̀ọ̀kan ni ọwọ́ kan fi ń yá ju èkejì lọ. Àwọn dókítà ti fi ẹ̀rọ tí a fi ń wo oyún rí ọmọ inú oyún tó ń mu àtàǹpàkò: púpọ̀ nínú wọn ń mu ti ọ̀tún, àwọn díẹ̀ ń mu ti òsì. Ta ló kọ́ wọn níbẹ̀? Ó lè wà nínú ẹbí, ṣùgbọ́n kì í ṣe dandan: nínú ìbejì tó jọra débi pé ìyá wọn gan-an ń ṣì wọ́n mọ̀, ọ̀kan lè lo ọ̀tún kí èkejì lo òsì. Nítorí náà kì í ṣe agídí ọmọ, kì í sì í ṣe ẹ̀bi ìyá.

Mo mọ ohun tí àwọn àgbà yóò sọ. A kì í fi ọwọ́ òsì júwe ilé baba ẹni. Òótọ́ ni, n kò bá wọn jà. Ọmọ tó bá fi òsì gba nǹkan lọ́wọ́ àgbà kò tíì gba ẹ̀kọ́, ìbáà jẹ́ ọlọ́wọ́ òsì. Ẹ kọ́ ọ bí ẹ ti kọ́ ọ láti dọ̀bálẹ̀, yóò mọ̀ ọ́n. Ṣùgbọ́n ìwà ọmọlúwàbí ọ̀tọ̀, iṣẹ́ ọwọ́ ọ̀tọ̀. Ọ̀bẹ, ìgbálẹ̀, abẹ́rẹ́, pẹ́ńsùlù, èwo nínú wọn ni àgbà tí a ó máa fi ọ̀tún bọ̀wọ̀ fún? Àwọn baba wa pàápàá kò kórìíra òsì tó bí a ti ń ṣe é yìí. Òsì ni àwọn Ògbóni fi ń kí ara wọn, oyè Òsì Olúbàdàn sì wà títí di òní. (Nígbà mìíràn mo máa ń rò pé orúkọ ló kó bá a, nítorí lẹ́nu ará Ìbàdàn, òsì àti òṣì kò yàtọ̀.) Bàbá tó ń na ọmọ nítorí ọwọ́ òsì ni yóò tún jókòó sídìí tẹlifíṣọ̀n, tí yóò máa pariwo pé ẹsẹ̀ òsì Messi kò láfiwé!

Ti oúnjẹ ńkọ́? Ìdí rere ló mú kí àwọn àgbà ya ọwọ́ sọ́tọ̀, nítorí òsì ni a fi ń ṣan ìdí. Ẹ kọ́ ọmọ pé ọwọ́ tó fi ń jẹun kọ́ ni yóò fi ṣan ìdí, ó parí. Ṣùgbọ́n kòkòrò àrùn kò mọ ọ̀tún yàtọ̀ sí òsì. Ọ̀tún yìí náà la fi ń gba ṣéńjì lọ́wọ́ kọ̀ńdọ́, òun la fi ń bọ ènìyàn lọ́wọ́. Ọṣẹ àti omi fún ọwọ́ méjèèjì ló ń lé ìgbẹ́ gbuuru, kì í ṣe ẹgba.

Àbúrò mi kan jẹ irú ìyà yìí nílé-ìwé. Tíṣà kan a máa fi rúlà gbá a ní oríkèé ìka. Ó kọ́ bí a ti ń fi ọ̀tún kọ̀wé lóòótọ́, ṣùgbọ́n ìwé kíkọ di ìbẹ̀rù fún un, kì í parí ìdánwò. Lónìí télọ̀ ni, òsì ló sì fi ń gé aṣọ, pẹ̀lú àlùmọ́gàjí tí a ṣe fún ọlọ́wọ́ òsì, nítorí ti ọjà kì í gé dáadáa lọ́wọ́ rẹ̀.

Ewu gidi kan wà tí mo fẹ́ kí ẹ fi sọ́kàn. Ọmọ tí kò tíì pé ọdún kan kò yẹ kó ti yan ọwọ́ kan. Ọwọ́ méjèèjì ló yẹ kó máa nà sí nǹkan. Láàárín ọdún méjì sí mẹ́rin ni ọwọ́ tó yá jù máa ń hàn. Bí ẹ bá rí ọmọ oṣù mẹ́jọ tó ń lo ọwọ́ kan ṣoṣo, ìbáà ṣe òsì, ìbáà ṣe ọ̀tún, tí èkejì ń dì ní ẹ̀ṣẹ́ nígbà gbogbo, tàbí tí ẹsẹ̀ ìhà kan náà ń wọ́ nílẹ̀ bó bá ń rákò, ẹ má ṣe jókòó sílé. Ọwọ́ kejì lè má lágbára, nítorí ohun tó ṣe ọpọlọ ṣáájú ìbí tàbí nígbà ìrọbí. Ẹ tètè gbé e lọ sílé ìwòsàn, kí ìtọ́jú lè bẹ̀rẹ̀ nígbà tí ara ọmọ ṣì rọ̀. Ọmọ tó ti ń lo ọ̀tún tipẹ́ tó ṣàdédé yí sí òsì, ẹ yẹ ọ̀tún náà wò. Ó lè ti ṣubú, kí egungun ti sán.

Fún èyí tó ti ń lọ sílé-ìwé, ìparí bẹ́ǹṣì ní apá òsì ni kí ó jókòó sí, kí ìgbúnwọ́ rẹ̀ má baà máa gbá ti ẹnìkejì. Kí ìwé wà ní apá òsì rẹ̀ díẹ̀, kí orí ìwé náà tẹ̀ sí ọ̀tún, kí ọwọ́ rẹ̀ sì wà nísàlẹ̀ ìlà tó ń kọ, kí ó má baà máa fi ọwọ́ nu yíǹkì. Ẹ tọ tíṣà rẹ̀ lọ fúnra yín, kí ẹ sọ fún un pé ẹ ti fọwọ́ sí i.