Ẹ Fi Owó-Oṣù Wa Díwọ̀n Iye Géèmù

Géèmù bọ́ọ̀lù FC 26 jáde ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2025. Iye tí ilé-iṣẹ́ EA dá lé e ní Amẹ́ríkà ni $69.99. Bí a bá ṣẹ́ ẹ sí náírà ní N1,500 sí dọ́là kan, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ pé N105,000. Owó-oṣù tó kéré jù lọ tí òfin Nàìjíríà fọwọ́ sí láti oṣù keje ọdún 2024 sì jẹ́ N70,000. Ẹ wá wò ó: ẹni tó ń gba iye yẹn yóò ṣiṣẹ́ oṣù kan ààbọ̀, kò gbọdọ̀ jẹun, kò gbọdọ̀ wọkọ̀, kò gbọdọ̀ san owó ilé, kó tó lè ra géèmù kan péré. Ní Amẹ́ríkà, ẹni tí wọ́n ń san owó iṣẹ́ tó kéré jù lọ lábẹ́ òfin ìjọba àpapọ̀ fún, $7.25 ní wákàtí kan, yóò rí owó géèmù náà kó tó lo wákàtí mẹ́wàá lẹ́nu iṣẹ́. Ọmọ Yorùbá tó ń ṣiṣẹ́ ilé ìtajà ní Peckham ní London, tí wọ́n ń san £12.21 fún ní wákàtí kan ní 2025, ra tirẹ̀ ní £69.99, wákàtí mẹ́fà kò tíì pé. Géèmù kan náà ni gbogbo wọn rà. Osimhen agbábọ́ọ̀lù tó wà nínú tiwọn náà ló wà nínú tiwa, kò sì ní torí pé èèyàn fi oṣù kan ààbọ̀ rà á kó sáré jù bẹ́ẹ̀ lọ.

A kò kọ ìwé pẹlẹbẹ yìí láti tọrọ géèmù ọ̀fẹ́. Ẹjọ́ tí a fẹ́ rò níwájú ẹ̀yin ọ̀dọ́ tó ń gbá géèmù, ẹ̀yin òbí, ẹ̀yin aṣòfin àti ẹ̀yin tí ẹ ni ọjà náà ni pé owó-oṣù àwọn ẹlòmíràn ni wọ́n fi ń díwọ̀n iye tí àwa ń san, àti pé ó ṣeé tún ṣe láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni pàdánù.

Ó yẹ ká kọ́kọ́ sọ tẹnu àwọn ilé-iṣẹ́ náà fún wọn, nítorí irọ́ kọ́ ni gbogbo rẹ̀. Láti nǹkan bí ọdún 2005, nígbà tí Xbox 360 dé, $60 ni wọ́n ń ta géèmù ńlá. Nǹkan bí ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ló fi dúró síbẹ̀ kó tó di $70 ní 2020. Ní 2025, Nintendo gbé Mario Kart World dé ní $80. Bí a bá fi bí ọjà ṣe gbówó lórí ní Amẹ́ríkà wò ó, $60 ti 2005 yóò sún mọ́ $100 lónìí, nítorí náà ẹni tó ń gbé Chicago kò ní ẹjọ́ púpọ̀ láti rò. Owó tí wọ́n ń ná sórí ṣíṣe géèmù pẹ̀lú ti ga. Ìwé tí Sony kó lọ sílé ẹjọ́ ní Amẹ́ríkà ní 2023, tí wọ́n fi bírò dúdú pa àwọn iye kan rẹ́ nínú rẹ̀ àmọ́ tí kò rẹ́ dáadáa, fi hàn pé The Last of Us Part II jẹ $220 mílíọ̀nù, Horizon Forbidden West sì jẹ $212 mílíọ̀nù. (Pé bírò lásán ló tú àṣírí àwọn tó ń ṣe PlayStation, ẹ̀rín tọ̀tọ̀ nìyẹn.)

Ṣùgbọ́n dọ́là ni owó tí ọmọ Chicago ń gbà, dọ́là ló sì ń ná. Ẹ wo tiwa. Ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kẹfà 2023, dọ́là kan kò tíì tó N470 ní báńkì, géèmù $70 kò sì tó N33,000. Owó-oṣù tó kéré jù nígbà náà jẹ́ N30,000, ìyẹn ni pé owó oṣù kan àti díẹ̀ lé lórí ni. Inú oṣù yẹn ni ìjọba tú náírà sílẹ̀ kí ọjà máa dá iye lé e. Kò pé ọdún kan tí dọ́là fi kọjá N1,500. Ilé-iṣẹ́ géèmù kò fi sẹ́ǹtì kan lé ọjà wọn, síbẹ̀ ó di ìlọ́po mẹ́ta lọ́wọ́ wa.

Wọ́n á ní àwọn kọ́ ló já náírà lulẹ̀. Òótọ́ ni. Spotify náà kọ́ ló já a lulẹ̀. Nígbà tí Spotify wọ Nàìjíríà ní oṣù kejì 2021, $9.99 lóṣù ni wọ́n ń gbà lọ́wọ́ ọmọ Amẹ́ríkà, nǹkan bí N3,800 lákòókò náà. Ní Nàìjíríà, N900 ni wọ́n gbà. Netflix náà ń gba náírà, tí iye tirẹ̀ níbí kò sì tó ìdajì ti Amẹ́ríkà. Àwọn olówó yìí kò ṣe àánú wa. Wọ́n jókòó, wọ́n ṣírò ohun tí ọwọ́ wa ká, wọ́n sì rí i pé N900 tó wọlé sàn ju N3,800 tí kò ní wọlé láéláé. Orin àti fíìmù tí wọ́n ń tà kò yàtọ̀ sí géèmù níbi kan tó ṣe pàtàkì: ẹni tó wà ní Òṣogbo lè gba tirẹ̀ sórí ẹ̀rọ láìjẹ́ pé wọ́n tún un ṣe, láìsí ọkọ̀ ojú omi, láìsí aṣọ́bodè.

Àwọn ọjà géèmù gan-an mọ ọgbọ́n yìí, wọ́n kàn ń lò ó fún ẹlòmíràn ni. Steam, ọjà géèmù orí kọ̀ǹpútà tí Valve ní, ń gba ráńdì lọ́wọ́ ará South Africa, ṣùgbọ́n kò gba náírà. Nígbà tí owó Tọ́kì àti ti Ajẹntínà ń já wálẹ̀, Valve sọ iye ọjà níbẹ̀ di dọ́là ní oṣù kọkànlá 2023, ó sì la ìpele méjì sílẹ̀ tí ó gba àwọn oníṣẹ́ géèmù nímọ̀ràn pé kí iye ibẹ̀ kéré sí ti Amẹ́ríkà: ọ̀kan fún Látìn Amẹ́ríkà, ọ̀kan fún Àárín Ìlà-Oòrùn àti Àríwá Áfíríkà. Íjíbítì, Mòrókò àti Tùnísíà wà níbẹ̀. Ẹni tó wà ní Kàírò ní iye tirẹ̀ lọ́tọ̀. Ẹni tó wà ní Ìbàdàn ń wo iye ti Texas.

PlayStation Store kò tilẹ̀ kà wá mọ́ ọn. Ní gbogbo Áfíríkà ìsàlẹ̀ Sàhárà, South Africa nìkan ló ṣílẹ̀kùn fún. Ẹni tó bá ra PS5 níbí yóò fi àdírẹ́sì London tàbí Johannesburg ṣí àkáùntì, bí ẹni pé ó ń sá fún òfin, yóò wá gift card tó bá ibẹ̀ mu lọ rà lọ́wọ́ àwọn tó ń tà á lórí WhatsApp, tí wọ́n ti fi èrè tiwọn lé e. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, kó bẹ ẹ̀gbọ́n tó wà lókè òkun. Ní 2022, ọ̀pọ̀ báńkì wa dín ohun tí káàdì náírà lè ná lókè òkun kù sí $20 lóṣù. Géèmù tuntun kan kò lè wọ inú rẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká wá dé ibi tí ọ̀pọ̀ ọmọ wa ti ń gbá géèmù ní tòótọ́, ìyẹn ilé géèmù àdúgbò. Yàrá kan ni, tàbí kọ̀ǹtéénà tí wọ́n gé fèrèsé sí. Tẹlifíṣọ̀n méjì, PS4 méjì, páàdì tí rọ́bà orí rẹ̀ ti jẹ, jẹnẹrétọ̀ kékeré tó ń pariwo lẹ́yìn ògiri. Ẹni tó bá fìdí rẹmi ló ń sanwó, ẹni tó bá jáwé olúborí ló ń jókòó de ẹni tó kàn. Ká ní igba náírà ni wọ́n ń gbà fún eré kan. Kí onílé géèmù tó rí N105,000 padà lórí FC tuntun, àwọn ọmọ gbọ́dọ̀ gbá a ní ìgbà 525, kí wọ́n sì má yọ owó epo, owó yàrá àti owó páàdì kúrò níbẹ̀ o. Dátà ńkọ́? Géèmù ńlá mìíràn ju 100GB lọ, NCC, àjọ tó ń darí ọ̀rọ̀ tẹlifóònù ní Nàìjíríà, sì ti fọwọ́ sí i ní oṣù kìíní 2025 pé kí àwọn ilé-iṣẹ́ tẹlifóònù fi tó ìdá àádọ́ta nínú ọgọ́rùn-ún lé owó tí wọ́n ń gbà. Nígbà tó bá fi máa rí èrè díẹ̀, oṣù kẹsàn-án mìíràn á ti dé, àwọn ọmọ á sì máa béèrè ìdí tí agbábọ́ọ̀lù tó ti lọ sí ẹgbẹ́ mìíràn fi ṣì wà ní ẹgbẹ́ àtijọ́. Ìdí nìyẹn tí ẹ fi ń rí FIFA àtijọ́, orúkọ tí FC ń jẹ́ tẹ́lẹ̀, ní ilé géèmù títí di òní. Kì í ṣe pé onílé géèmù lahùn. Ó mọ ìṣirò ni.

Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ọwọ́ àgbàlagbà kò wọ akèrègbè. Àwọn ilé-iṣẹ́ náà nílò ọjà tuntun. Ogunlọ́gọ̀ ọ̀dọ́ tó ń gbé Nàìjíríà kò kéré lójú wọn. Tí a bá lo ìwọ̀n tí Spotify lò, ìdá kan nínú mẹ́rin tàbí bẹ́ẹ̀, géèmù $70 yóò jẹ́ nǹkan bí N25,000. Iye yìí ṣì ju ìdá kan nínú mẹ́ta owó-oṣù tó kéré jù lọ, nítorí náà kí ẹnikẹ́ni má sọ pé a fẹ́ jẹ wọ́n run. Onílé géèmù tí a sọ̀rọ̀ rẹ̀ yóò rí i padà lẹ́yìn eré 125.

Àwọn kan á ní àwọn ará ilẹ̀ olówó yóò fi VPN wá jí iye tiwa lò. Ó ti ṣẹlẹ̀ rí ní Ajẹntínà àti Tọ́kì, kò sì yẹ ká fojú kéré rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tó ní káàdì báńkì Nàìjíríà tó so mọ́ BVN kì í ṣe ará Toronto. Kí wọ́n so iye náírà mọ́ ọ̀nà ìsanwó tiwa, ọ̀rọ̀ parí. Carry1st, ilé-iṣẹ́ géèmù tó fi Cape Town ṣe ibùjókòó, ti ń gba owó ìbílẹ̀ lọ́wọ́ àwọn ọmọ Áfíríkà fún nǹkan inú géèmù, nítorí náà kì í ṣe ohun tí ẹnì kankan kò tíì ṣe rí.

Àwọn mìíràn á ní géèmù ọ̀fẹ́ pọ̀ nílẹ̀, kí ẹni tí kò lówó lọ gbá ìyẹn. eFootball ti Konami di ọ̀fẹ́ láti 2021, ọ̀fẹ́ sì ni Fortnite pẹ̀lú. Ẹ béèrè lọ́wọ́ òbí tí ọmọ rẹ̀ ti fi káàdì rẹ̀ ra nǹkan nínú géèmù ọ̀fẹ́. Ní 2022, ìjọba Amẹ́ríkà mú kí Epic, àwọn tó ni Fortnite, gbà láti dá $245 mílíọ̀nù padà fún àwọn tí wọ́n tàn ra ohun tí wọn kò ní lọ́kàn láti rà. Ní Bẹ́ljíọ̀m, àwọn aláṣẹ sọ ní 2018 pé páálí tí èèyàn ń sanwó fún kó tó mọ ohun tó wà nínú rẹ̀ jẹ́ tẹ́tẹ́. EA sì dẹ́kun títa FIFA Points, tí wọ́n fi ń ra irú páálí bẹ́ẹ̀, níbẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀ 2019. Bí a bá ti ìlẹ̀kùn géèmù olówó gidi mọ́ ọmọ tálákà, ibi tó ń lọ nìyẹn.

Kí a tó dé orí ohun tí a ń béèrè, ọ̀rọ̀ kan kù lórí CD. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, àwọn èèyàn wa ti dá iye tó bá wọn mu sílẹ̀ fúnra wọn: o gbá géèmù tán, o gbé CD rẹ lọ sí Computer Village ní Ìkẹjà, o fi owó díẹ̀ kún un, o fi pààrọ̀ òmíràn. Ètò tó dára ni, àwọn ilé-iṣẹ́ sì ń pa á díẹ̀díẹ̀. Ẹ̀rọ PS5 kan wà tí kò ní ojú CD. Káàdì géèmù kan wà fún Switch 2 tí géèmù kò sí nínú rẹ̀. Kọ́kọ́rọ́ lásán ni, o ṣì máa fi dátà wa géèmù náà jáde. Ní oṣù kẹta 2024, Ubisoft pa ẹ̀rọ tó gbé The Crew ró, géèmù tí àwọn èèyàn fi owó rà kò sì ṣí mọ́ fún ẹnikẹ́ni. Owó tó wọ́n tó bẹ́ẹ̀, lórí ohun tí o kò lè tà, tí o kò lè yá àbúrò rẹ, tí wọ́n sì lè pa nígbàkigbà!

Kì í ṣe pé àwọn ilé-iṣẹ́ yìí kì í gbọ́ràn. Ní oṣù karùn-ún 2024, Sony ní dandan ni kí ẹni tó ń gbá Helldivers 2 lórí kọ̀ǹpútà ní àkáùntì PlayStation. Wọ́n yọ géèmù náà kúrò lórí Steam ní àwọn orílẹ̀-èdè tó lé ní 170, Nàìjíríà wà lára wọn. Ariwo ta kárí ayé, àṣẹ náà kò sì pé ọ̀sẹ̀ kan tí wọ́n fi yí i padà. Microsoft náà dá $80 lé The Outer Worlds 2 ní 2025, nígbà tí àwọn oníbàárà fárí gá, wọ́n dá a padà sí $70.

Ohùn tiwa ni kò tíì sí níbẹ̀. Àjọ FCCPC, tí òfin 2018 dá sílẹ̀ láti dáàbò bo oníbàárà, ti bu ìtanràn $220 mílíọ̀nù lé Meta ní 2024, nítorí náà kò sí ilé-iṣẹ́ òkèèrè tó tóbi jù fún un láti pè. Ìjọba àpapọ̀ sì ti ń béèrè láti 2022 pé kí àwọn tó ń ta nǹkan sí wa láti òkèèrè lórí íntánẹ́ẹ̀tì máa gba owó-orí VAT ìdá 7.5 nínú ọgọ́rùn-ún fún un. Ẹni tó lè gba owó-orí lọ́wọ́ wọn lè béèrè pé kí wọ́n ṣí ọjà fún àwọn tó ń san owó-orí náà. Kí FCCPC pe Sony, Microsoft, Nintendo, Valve àti EA sí ìjókòó gbogbogbòò, kí wọ́n wá ṣàlàyé ìdí tí Kàírò fi ní iye tí Èkó kò ní. Kí àwọn aṣòfin fi sínú òfin pé ọjà tí a bá fi owó rà tán ṣeé tà, ṣeé yá, kò sì ṣeé pa mọ́ oníbàárà lọ́wọ́. Kí ẹ̀yin onílé géèmù náà kó ara yín jọ ní ìjọba ìbílẹ̀ kọ̀ọ̀kan. Ẹ kó rìsíìtì gift card yín àti ti dátà yín, ẹ kọ lẹ́tà, ẹ mú un lọ sí ọ́fíìsì FCCPC tó sún mọ́ yín jù.

Rockstar ti kéde pé ọjọ́ 19 oṣù kọkànlá 2026 ni géèmù wọn, GTA VI, yóò jáde. Òun ni ká fi dán wọn wò. Kí wọ́n kọ iye rẹ̀ ní náírà, kí káàdì náírà sì lè rà á.