Abdoulaye Diop ti Mali: Nígbà tí iṣẹ́ tí a rán aṣojú bá yí padà

Ní ọjọ́ 16, oṣù Kẹfà, ọdún 2023, Ìgbìmọ̀ Ààbò Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé jókòó ní New York láti jíròrò lórí bí iṣẹ́ àwọn ọmọ ogun àjọ náà ní Mali yóò ṣe máa tẹ̀síwájú. Mínísítà ọ̀rọ̀ ilẹ̀ òkèèrè Mali, Abdoulaye Diop, dìde, ó sì sọ fún wọn pé ìjọba òun kò fẹ́ àtúnṣe kankan. Ohun tí ìjọba òun fẹ́ ni kí àwọn ọmọ ogun náà kúrò láìfi falẹ̀. Ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn náà, ìgbìmọ̀ náà fọwọ́ sí i. Kí ọdún náà tó parí, iṣẹ́ tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ ní 2013 ti dópin.

Ológun ló ń ṣe ìjọba ní Mali, ṣùgbọ́n ẹni tó jẹ́ iṣẹ́ líle yìí kò wọ aṣọ ológun. Iṣẹ́ aṣojú ìjọba ni Diop fi dàgbà. Ó ti ṣojú Mali ní Washington rí, kò sì ṣàjèèjì nínú yàrá ìpàdé àwọn alágbára ayé. Ẹni tó bá tẹ̀ lé ipa ọ̀nà tó tọ̀ láti ọdún 2014 yóò rí bí Mali ṣe yí ojú rẹ̀ kúrò lára àwọn ọ̀rẹ́ àtijọ́, àti ohun tí ìyípadà náà ń ná àwọn aládùúgbò rẹ̀.

Ìgbà àkọ́kọ́: àdéhùn Algiers

Ọdún 2014 ni Ààrẹ Ibrahim Boubacar Keïta kọ́kọ́ fi Diop ṣe mínísítà. Ọdún méjì ṣáájú ìgbà náà, àwọn ọlọ̀tẹ̀ Tuareg àti àwọn agbésùnmọ̀mí ti gba àríwá orílẹ̀-èdè náà. Àwọn ọmọ ogun Faransé ló sì ṣáájú nínú lílé wọn kúrò ní àwọn ìlú ńlá ibẹ̀ ní 2013. Gbogbo ọ̀rẹ́ tí Mali bá lè rí ló nílò. Iṣẹ́ Diop nígbà náà ni láti má jẹ́ kí ọwọ́ wọn já: Faransé, Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé, ECOWAS, àti Algeria tí ilé wọn fara kan ara wọn.

Òun ló ṣáájú àwọn aṣojú ìjọba Mali lọ sí ìjíròrò àlàáfíà ní Algiers. Ní oṣù Karùn-ún ọdún 2015, wọ́n fọwọ́ sí àdéhùn náà ní Bamako. Nígbà tó di oṣù Kẹfà, àwọn ẹgbẹ́ ọlọ̀tẹ̀ tó ti kọ́kọ́ fà sẹ́yìn náà fọwọ́ sí i. Àdéhùn náà ṣèlérí agbára púpọ̀ sí i fún àwọn ará àríwá lórí ọ̀rọ̀ agbègbè wọn. Ó sì là á sílẹ̀ pé kí àwọn ọlọ̀tẹ̀ gbé ohun ìjà sílẹ̀, kí a sì gba àwọn kan nínú wọn sí iṣẹ́ ológun Mali.

Ìgbà kejì: àwọn okùn tó já

Ní oṣù Kẹjọ ọdún 2020, àwọn ológun lé Keïta kúrò lórí àléfà. Wọ́n tún dìtẹ̀ gbàjọba lẹ́ẹ̀kejì ní oṣù Karùn-ún ọdún 2021. Ní oṣù tó tẹ̀ lé e, ìjọba Assimi Goïta pe Diop padà sí ipò rẹ̀ àtijọ́. Ọ́fíìsì náà kò yí padà, àmọ́ iṣẹ́ tí wọ́n rán an ti yàtọ̀.

Ní oṣù Kìíní ọdún 2022, ìjọba fún aṣojú Faransé ní wákàtí 72 láti fi Mali sílẹ̀. Ní oṣù Kẹjọ ọdún náà, ọmọ ogun Faransé tó kẹ́yìn jáde. Ní ọjọ́ 25, oṣù Kìíní, ọdún 2024, ìjọba kéde pé àdéhùn Algiers ti dópin. Ọjọ́ mẹ́ta péré lẹ́yìn náà, Mali, Burkina Faso àti Niger kéde pé àwọn ń kúrò nínú ECOWAS, àjọ tí Mali wà lára àwọn 15 tó dá a sílẹ̀ ní Èkó ní 1975. Ìyapa náà fìdí múlẹ̀ ní ọjọ́ 29, oṣù Kìíní, ọdún 2025. Bẹ́ẹ̀ ni ìwé tí Diop bá wọn jókòó kọ ní Algiers di àkísà lábẹ́ ìjọba tí òun fúnra rẹ̀ ń ṣojú fún.

Ṣé ìránṣẹ́ ni ká bá wí?

Àwọn àgbà ní bí a bá rán ni níṣẹ́ ẹrú, ṣe là á fi tọmọ jẹ́ ẹ. Àwọn tó ń gbè lẹ́yìn Diop yóò ní ohun tó ń ṣe gan-an nìyẹn. Lójú tiwọn, orílẹ̀-èdè ni aṣojú ń sìn, kò sin ẹnì kan. Wọ́n ń rán wa létí pé ọ̀pọ̀ ohun tó wà nínú àdéhùn Algiers ni kò ṣẹ, àti pé ọwọ́ àwọn ọlọ̀tẹ̀ ni Kidal wà fún ọdún púpọ̀ títí àwọn ọmọ ogun Mali fi wọ ìlú náà ní oṣù Kọkànlá ọdún 2023.

Ọ̀rọ̀ náà ní apá kejì. Ìjọba tó rán an níṣẹ́ ṣèlérí ìdìbò ní 2022, kò ṣe é. Ó tún sọ pé 2024 ni, kò ṣe é. Ní oṣù Karùn-ún ọdún 2025, ó tú gbogbo ẹgbẹ́ òṣèlú ká. Ní oṣù Keje, wọ́n fún Goïta ní ọdún márùn-ún sí i láìsí ìdìbò, wọ́n sì lè tún un ṣe. Ahọ́n tó mọ̀ ọ́n sọ lè mú kí irú ìpinnu bẹ́ẹ̀ dún bí òfin létí àwọn àjèjì. Fífi tọmọ jíṣẹ́ kò sọ iṣẹ́ ẹrú di iṣẹ́ ọmọ.

Ilẹ̀kùn tí wọn kò tì pátápátá

Síbẹ̀, ibì kan wà tí ìwúlò aṣojú ti hàn. Kí ìyapa náà tó fìdí múlẹ̀, àwọn orílẹ̀-èdè mẹ́ta yìí kéde pé ọmọ ECOWAS yóò ṣì máa wọ ilẹ̀ wọn láìsí físà. ECOWAS náà ní òun yóò ṣì máa gba ìwé ìrìnnà wọn. Ní ọjọ́ 22, oṣù Karùn-ún, ọdún 2025, ààrẹ Ìgbìmọ̀ Aláṣẹ ECOWAS, Omar Alieu Touray, lọ bá Diop àti àwọn mínísítà ẹgbẹ́ rẹ̀ méjèèjì ní Bamako, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ ìjíròrò lórí bí wọn yóò ṣe máa bá ara wọn gbé. Àmọ́ ní oṣù Kẹta ọdún kan náà, àwọn orílẹ̀-èdè mẹ́ta náà ti bu owó ibodè ìdá 0.5 nínú ọgọ́rùn-ún lé ọjà tó bá wá láti ẹ̀yìn odi wọn. Oníṣòwò tó ń kó ẹrù kọjá ló mọ bí ọwọ́ kan ṣe ń ṣí ilẹ̀kùn tí ìkejì ń fà á dé.

Mali kò ní etíkun. Láti èbúté Dakar àti Abidjan ni ọ̀pọ̀ ẹrù rẹ̀ ti ń wọlé. Láti oṣù Kẹsàn-án ọdún 2025, ẹgbẹ́ agbésùnmọ̀mí JNIM dí ọ̀nà mọ́ àwọn ọkọ̀ agbépo tó ń bọ̀ láti Senegal àti Ivory Coast, wọ́n sì ń dáná sun wọ́n. Epo wọ́n ní Bamako débi pé ìjọba ti ilé ìwé jákèjádò orílẹ̀-èdè fún ọ̀sẹ̀ méjì. Ọ̀rọ̀ dídùn níwájú Ìgbìmọ̀ Ààbò kò lè sin ọkọ̀ epo kan dé Bamako. Ṣùgbọ́n ilẹ̀ aládùúgbò ni ọ̀nà náà ti bẹ̀rẹ̀, láìsí àdéhùn pẹ̀lú aládùúgbò, kò sẹ́ni tó lè dáàbò bò ó tán.

Iná náà kò sì dúró sí Mali. Ní ìparí oṣù Kẹwàá ọdún 2025, JNIM kéde pé òun ti ṣe ìkọlù àkọ́kọ́ òun ní Nàìjíríà, ní ìpínlẹ̀ Kwara. Ìdí nìyí tí ìjíròrò Bamako àti ECOWAS fi kan ẹni tí kò tíì dé Mali rí.

Diop ti fi hàn pé òun lè bá wọn kọ àdéhùn, ó sì ti ṣojú ìjọba tó fa àdéhùn ya. Èyí tó kù báyìí ni àdéhùn pẹ̀lú ECOWAS, nítorí pé ẹni tó bá kúrò nínú ẹgbẹ́ kò lè kó ilé rẹ̀ kúrò ní àdúgbò. Àdéhùn yẹn ni àwọn ará Bamako tó tò sí ilé epo ní 2025 yóò fi díwọ̀n iṣẹ́ rẹ̀.