Ẹ̀yin Onílé-Ọtí àti Oníbúkà, Ẹ Yé Da Oúnjẹ Ẹran Pọ̀ Mọ́ Ìdọ̀tí!

Ọ̀rọ̀ tòní lè korò lẹ́nu àwọn kan, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká sọ ọ́.

Ojoojúmọ́ là ń pariwo pé oúnjẹ ẹran ti wọ́n jù. Ẹ wá lọ sẹ́yìn ilé ọtí, búkà, hòtẹ́ẹ̀lì tàbí gbọ̀ngàn àríyá àdúgbò yín láàárọ̀ ọjọ́ Àìkú, kẹ́ ẹ wo inú dírọ́ọ̀mù ìdọ̀tí wọn. Èèpo iṣu, èèpo ọ̀gẹ̀dẹ̀, ìrẹsì, ẹ̀bà, àmàlà, ewé ẹ̀fọ́. Wọ́n wá da ọ̀rá, ike omi, agolo bíà, igi súyà àti igi ìtayín lé e lórí. Ó parí nìyẹn. Kò sẹ́ni tó lè fún ẹran jẹ mọ́.

Oúnjẹ yẹn kì í ṣe ìdọ̀tí nígbà tó kúrò nínú àwo. Àdàpọ̀ ló sọ ọ́ di ìdọ̀tí. Bí ewé bá pẹ́ lára ọṣẹ, á di ọṣẹ.

Àwọn onílé-ọtí á ní, "Ọtí là ń tà, a kì í ṣa èèpo." Mi ò gbà. Ẹ wo àwọn ilé iṣẹ́ tó ń pọn bíà tẹ́ ẹ̀ ń tà. Wọn kì í da èérí ọkà tí wọ́n fi pọn ọtí nù. Àwọn tó ń sin màlúù àti ẹlẹ́dẹ̀ ló ń rà á. Tí ilé iṣẹ́ ńlá bá ń rí owó lára èérí, kí ló dé tẹ́yin fi ń sanwó fún PSP kí wọ́n wá kó tiyín dànù? Ẹ tún wo èèpo ẹ̀gẹ́ tí wọ́n máa ń kó jọ nídìí ẹ̀rọ gàrí, tí wọ́n á dáná sun. Àwọn onímọ̀ ILRI àti IITA n'Íbàdàn ti fi hàn pé tí wọ́n bá lọ̀ ọ́, tí wọ́n fún omi rẹ̀ dànù, tí wọ́n sì sá a, oúnjẹ ẹran tó ṣe é tà ni.

Ohun tí mò ń bẹ̀bẹ̀ fún kò ju bọ́kẹ́ẹ̀tì mẹ́ta lọ:

1. Ti èèpo àti ewé. Ewúrẹ́ àti àgùntàn ló ni ín. Ẹ má fi èèpo ẹ̀gẹ́ tútù sí i o, májèlé wà nínú rẹ̀. Ó gbọ́dọ̀ gbẹ dáadáa kẹ́ran tó jẹ ẹ́.

2. Ti àjẹkù: ìrẹsì, ẹ̀bà, àmàlà. Ẹlẹ́dẹ̀ ló ni ín. Ewúrẹ́ tó bá jẹ ìrẹsì tàbí ẹ̀bà yó, ikùn rẹ̀ lè wú, kó sì kú.

3. Ti ohun tí ẹnu ẹran ò gbọdọ̀ kàn: ọ̀rá, ike, agolo, igi súyà, igi ìtayín, àti búrẹ́dì tó ti bu. Ọ̀rá máa ń dí ikùn ewúrẹ́, igi súyà máa ń gún ìfun.

Èyí tó tiẹ̀ dáa jù ni pé kí àjẹkù má pọ̀. Ẹ máa ta ìdajì àwo fún ẹni tí ebi ò pa púpọ̀. Oúnjẹ tó ṣẹ́kù sínú ìkòkò níbi àríyá, tọ́wọ́ ò kàn, tí kò sì tíì kan, èèyàn ni kẹ́ ẹ fún.

Ẹ̀yin àgbẹ̀ náà, ẹ má rẹ́rìn-ín, ẹjọ́ yín ń bọ̀. Ẹ fẹ́ gbà á lọ́fẹ̀ẹ́. Ẹ ó wá lọ́jọ́ Ajé, a ò ní rí yín mọ́ títí di ọjọ́ Ẹtì, ìdin á ti kún inú bọ́kẹ́ẹ̀tì. Ìyá oníbúkà wo ló máa gbà kí òórùn lé oníbàárà òun? Ẹ sanwó, bó ti wù kó kéré mọ. Tówó ò bá sí, ẹ bá wọn ṣàdéhùn ẹyin tàbí ẹran ọdún. Ẹ máa wá lójoojúmọ́, kẹ́ ẹ sì fi ọṣẹ fọ bọ́kẹ́ẹ̀tì kẹ́ ẹ tó dá a padà.

Èyí tó le jù rèé: ẹ má fún ẹlẹ́dẹ̀ ní àjẹkù láìsè é! Lọ́dún 2020, African swine fever wọ àwọn ọgbà ẹlẹ́dẹ̀ ní ìpínlẹ̀ Èkó àti Ògùn, títí kan Òkè-Aro. Ẹlẹ́dẹ̀ kú lọ rẹpẹtẹ, gbèsè wọ ọrùn ọ̀pọ̀ èèyàn. Àìsàn yẹn kì í ṣe èèyàn, ṣùgbọ́n kò sí oògùn tó ń wò ó lára ẹlẹ́dẹ̀. Ọ̀kan lára ọ̀nà tó ń gbà wọlé ni àjẹkù tí ẹran ẹlẹ́dẹ̀ wà nínú rẹ̀. Ẹ yọ ẹran ẹlẹ́dẹ̀ kúrò, kẹ́ ẹ sì se ìyókù kó máa hó fún wákàtí kan gbáko, kẹ́ ẹ máa rò ó bó ṣe ń hó. Ẹ jẹ́ kó tutù kẹ́ ẹ tó gbé e fún wọn. Ẹ fún wọn lómi dáadáa, torí iyọ̀ ọbẹ̀ lè pa ẹlẹ́dẹ̀ tí kò rómi mu.

Ẹ̀yin ọlọ́jà tẹ́ ẹ̀ ń já iṣu àti ọ̀gẹ̀dẹ̀ fún àwọn oníbúkà, wọ́n á gbọ́ tiyín ju tèmi lọ. Ẹ bá wa bá wọn sọ ọ́. Ọwọ́ ọmọdé ò tó pẹpẹ, tàgbàlagbà ò wọ kèrègbè.

Èló ni wọ́n ń ta bọ́kẹ́ẹ̀tì èèpo ládùúgbò yín? Ẹ kọ ọ́ sísàlẹ̀ ká jọ mọ̀. Ẹ sì bá wa share rẹ̀ kó dé ọ̀dọ̀ onílé-ọtí tẹ́ ẹ mọ̀.