Ṣé Lóòótọ́ Ni Ooru Ń Ba Òòfà Jẹ́?

Gbogbo àwa ọmọ SS2 la ti há a sórí: tí a bá sun òòfà nínú iná, agbára rẹ̀ á lọ. A kọ ọ́ sí nóòtì, a fa ìlà sí i nídìí, ó parí. Èmi ò ní irọ́ ni o. Àmọ́ gbólóhùn yẹn kéré jù.

Ẹ wo rice cooker. Nínú ọ̀pọ̀ wọn, òòfà kan wà lábẹ́ ìkòkò tó lẹ̀ mọ́ ègé ferrite, ìyẹn irin tó ti dà pọ̀ mọ́ ọ́síjìn àti àwọn mẹ́táàlì mìíràn. Bí omi bá ṣì wà nínú ìrẹsì, ìgbóná ò ní fi bẹ́ẹ̀ kọjá 100°C. Tí omi bá gbẹ tán, ìgbóná á gòkè díẹ̀ sí i, òòfà ò sì ní lè fa ferrite yẹn mọ́. Spring á já a kúrò, ẹ ó gbọ́ "ká!", iná tó ń sè é á kú. Tó bá tutù, òòfà tún lè fà á. Kí ló wá bàjẹ́ níbẹ̀?

Nǹkan kọ̀ọ̀kan ló ní ìwọ̀n tirẹ̀. Irin lásán, 770°C. Magnetite, Fe₃O₄, nǹkan bíi 580°C. Orúkọ Pierre Curie, ará Faransé tó ṣèwádìí rẹ̀ ní 1895, ni wọ́n fi ń pè é: Curie temperature.

Ẹ ronú àsẹ́ńbílì. Átọ́ọ̀mù irin kọ̀ọ̀kan dà bí òòfà kékeré. Nínú òòfà, púpọ̀ wọn kọjú síbì kan náà, bí àwa tá a kọjú sí fílágì. Ooru á máa mì wọ́n títí ìlà á fi tú pátápátá. Tó bá tutù, wọ́n á tún tò, àmọ́ kíláàsì kọ̀ọ̀kan á kọjú síbi tó wù ú. (SS1, ẹ mọ ara yín.) Ìdí nìyẹn tí òòfà tá a sun kì í fi í ṣe òòfà mọ́, síbẹ̀ tí òòfà mìíràn ṣì ń fà á.

Ẹ̀yin olùkọ́ wa, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ ká fojú rí i ní láàbù. Ká so wáyà irin tín-ín-rín rọ̀, kí òòfà fà á sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ká wá fi iná Bunsen sun ún títí á fi pọ́n yòò. Á bọ́ lọ́wọ́ òòfà. Ká dúró kó tutù, á tún padà. Mo mọ̀ pé gáàsì ti wọ́n, ṣùgbọ́n wáyà kan ṣoṣo ni, kò sì ní pẹ́. Bí ẹ bá gbà, èmi ni màá gbá láàbù lẹ́yìn rẹ̀.