Èdè Wo ni a fi ń Kìlọ̀ Àrùn?

Ọ̀rọ̀ kan ti di àṣà lẹ́nu àwọn ọ̀mọ̀wé wa: bí àjàkálẹ̀ àrùn bá dé, tí àwọn ènìyàn kò sì ṣe bí a ti wí, wọn a ní, "Àìmọ̀kan ni ó ń yọ wọ́n lẹ́nu." Èmi kò gbà. Ẹni tí a kò bá sọ̀rọ̀, báwo ni a ṣe lè ní kò gbọ́?

Ẹ jẹ́ kí a wo Sawaba, ọ̀kan nínú àwọn àdúgbò Zongo ní ìlú Kumasi, ní ilẹ̀ Gánà. Orúkọ Haúsá ni. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni ìrọ̀rùn. Ní irú àdúgbò bẹ́ẹ̀, Haúsá ni èdè ọjà, Twi ni èdè ìlú, Yorùbá kò sì parẹ́ níbẹ̀, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ìjọba Busia lé ọ̀pọ̀lọpọ̀ àwọn ènìyàn wa kúrò ní ilẹ̀ náà ní ọdún 1969. Ní alẹ́ ọjọ́ 27 oṣù Kẹta ọdún 2020, Ààrẹ Nana Akufo-Addo kéde pé láti ọjọ́ Ajé tí ó tẹ̀lé e, kí àwọn ará Accra, Tema, Kasoa àti Kumasi jókòó sílé nítorí àrùn kòrónà. Gẹ̀ẹ́sì ni ó fi sọ ọ́. Ẹni tí kò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì ní láti dúró de ògbufọ̀, ọ̀rọ̀ tí ó bá sì ti ẹnu ògbufọ̀ bọ́ sí ẹnu aládùúgbò kì í dé bí ó ti lọ.

Kí a má purọ́ mọ́ ìjọba náà: láti oṣù Kẹrin ni ó ti bá àwọn ará ìlú san owó omi. Èyí sọ̀rọ̀ ju ìwé àlẹ̀mógiri lọ, nítorí "Ẹ máa fọwọ́" kò nítumọ̀ fún ẹni tí ń ra omi ní garawa. Ṣùgbọ́n a tún ní kí wọ́n jìnnà síra. Nínú agbo ilé tí ìdílé púpọ̀ ti ń lo àgbàlá kan ṣoṣo, ta ni ìyá arúgbó yóò jìnnà sí? Ó yẹ kí ẹni tí ń kìlọ̀ kọ́kọ́ kí i, kí ó sì bi í pé, "Ìyá, yàrá mélòó ni ẹ ní? Ta ni ń sùn tì yín?" kí ó tó máa pàṣẹ.

Kí a má sì rò pé bí a bá ti sọ Yorùbá, ó parí. Àwa tí a ń fi Yorùbá kìlọ̀ ní Nàìjíríà, orúkọ wo ni a fún éèdì? "Àrùn kògbóògùn." Láti ọdún 1996 ni àwọn oníṣègùn ti ń lo oríṣi oògùn mẹ́ta pọ̀ láti ká kòkòrò rẹ̀ lọ́wọ́ kò. Wọn kì í pa á run tán, ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá ń lò wọ́n déédéé lè dàgbà dé ogbó. Bí a kò bá sì rí kòkòrò náà mọ́ nínú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, kì í fi ìbálòpọ̀ kó o ran ẹnìkejì. Síbẹ̀ orúkọ náà kò kúrò lẹ́nu wa. Obìnrin tí ó gbọ́ pé àrùn tí kò gbóògùn ni ó wà lára òun, kí ni yóò tún wá oògùn lọ sí ilé-ìwòsàn fún? Àwọn baba wa tí wọ́n ń pe ṣọ̀pọ̀nná ní ilẹ̀gbígbóná mọ̀ pé aláìsàn ń gbọ́ orúkọ tí a ń pe àrùn rẹ̀.

Ẹ̀yin olùkọ́, ọwọ́ yín ni ìwé ìlera ń bọ́ sí kí ó tó dé ọwọ́ ọmọ. Ẹ pa "kògbóògùn" rẹ́ níbẹ̀. Bí wọ́n bá sì gbé ìwé àlẹ̀mógiri tuntun wá, ẹ kà á fún ìyá tí ń ta ẹ̀kọ lẹ́nu ọ̀nà ilé-ìwé, kí ó sọ ohun tí ó gbọ́ fún yín, kí ẹ tó lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri.